Méjìlélógún tí Mutmainah yọ dànù

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, àpilẹ̀kọ mọ́kànlélógójì ló wà lójú òpó ayélujára tí Mutmainah ń bójú tó. Mẹ́tàlélógún nínú wọn ló ti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ní Ìjọrà wá. Ẹ tún un kà, iye náà ni.

Ẹrù ni Mutmainah ń bá àwọn èèyàn gbà jáde ní èbúté Tin Can. Tó bá délé sí Ajégúnlẹ̀, iṣẹ́ kejì ti ń dúró dè é. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló kọ ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń sọ ibi tí kọ̀ntéénà dé. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló sì lè tú u wò kó tún un ṣe. Ojú òpó yìí ló ń kó ohun tí kálukú kọ sórí búlọ́ọ̀gì rẹ̀ nípa bí èèyàn ṣe lè lo ètò náà jọ síbi kan.

Kí Mutmainah tó fi àpilẹ̀kọ síta, á jókòó ti láptọ́ọ̀pù rẹ̀, á ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kéèyàn ṣe títí dópin. Àmọ́ ilé-iṣẹ́ Ìjọrà yìí ló yá wọn ní kọ̀ǹpútà tí ojú òpó náà ń gbé inú rẹ̀. Ó ní kò yẹ kéèyàn máa tú ẹrù onílé wò, ló bá ń jẹ́ kí tiwọn wọlé bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ṣì í ṣe.

Lọ́jọ́ Ajé yẹn ló wá dán gbogbo rẹ̀ wò. Méjìlélógún ló dúró láàárín ọ̀nà, tó ní kéèyàn kọ́kọ́ ra ètò tí ilé-iṣẹ́ náà ń tà kó tó lè máa bá a lọ. Ó yọ gbogbo wọn. Ẹyọ kan tí Uche, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà, kọ nìkan ló fi sílẹ̀.

Ní Ọjọ́rú, Fidelis, tó ń bá ilé-iṣẹ́ náà polówó ọjà, wá bá Mutmainah àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Sàídù, ọ̀kan nínú wọn, níbi tí wọ́n ti ń ṣèpàdé.

"Aunty Mutmainah, na our house una dey sleep o! Ẹ dá tiwa padà, àbí kẹ́ ẹ kó jáde lọ́jọ́ Ẹtì."

"A ó kó jáde," Mutmainah fèsì.

"Sí ibo? Marine Beach, inú ọkọ̀ ojú omi?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mutmainah kò rí ibì kankan tí wọn ó kó ojú òpó náà lọ, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Tó bá jẹ́ ọjà títà lẹ kórìíra, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ti Uche sílẹ̀?"

"Tirẹ̀ ṣiṣẹ́. Fidelis, èmi náà ń gbowó iṣẹ́ mi, mi ò kórìíra ọjà títà."

Sàídù, àgbà wọn, mí kanlẹ̀. "Àbúrò, dá wọn padà jàre. Kí ni àpilẹ̀kọ lásán lè fi ṣe wá?"

Àwọn yòókù ń mi orí pé òótọ́ ló sọ. Mutmainah yí láptọ́ọ̀pù náà sí wọn.

"Ẹ̀gbọ́n Sàídù, ẹ máà bínú. Nínú méjìlélógún tí mo yọ yìí, ta ló ti ṣe ẹyọ kan péré dópin rí nínú yín? Tí àwa tá a kọ ètò náà ò bá lè ṣe é dópin, báwo la ó ṣe ní kí ẹlòmíì ṣe é?"