Faolíìnì Tí Wọ́n Yá Ilé-Ìwé Wa

Ní Sátidé tó kọjá, mo jókòó síwájú gbọ̀ngàn ìjọ wa ní Tayi Village, ní Mínnà níbí, mo ń dúró de ọmọ-ọmọ mi, Ìbùkún. Àwọn ọ̀dọ́ kan láti inú ọkẹ́sítírà kan ní Àbújá máa ń wá síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé àti ọmọ àdúgbò bí a ṣe ń lo ohun èlò orin. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan á kọ́kọ́ fa ohùn kan ṣoṣo, gígùn, tí kò gòkè tí kò sọ̀kalẹ̀. Àwọn yòókù á máa wá ohùn tiwọn kiri títí gbogbo wọn á fi bára mu. Kò tíì di orin nígbà yẹn. Ó dà bí ìgbà tí agbo oyin ń palẹ̀ mọ́ láti ṣí kúrò nílé. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbọ́ ọ, mo pa Bíbélì tí mo ń kà dé, mo sì bá ara mi ní kíláàsì karùn-ún.

Nígbà náà, ọkọ̀ ojú irin ṣì ń kó èrò wá sí Mínnà, òun náà ló sì kó bàbá ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Yorùbá wá síbẹ̀. Bàbá tèmi kì í ṣe ará rélùwéè. Kátíkíìsì ìjọ ni. Ilé wa àti ilé-ìwé ìjọ jọ lo ògiri kan ni. Mi ò pẹ́ dé ilé-ìwé rí, bẹ́ẹ̀ ni mi ò ríbi sá sí bí mo bá ṣẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi ni Rábì, ọmọ Ọ̀ffà, tí bàbá rẹ̀ ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú irin ṣe. Mùsùlùmí ni wọ́n, ṣùgbọ́n ilé-ìwé wa ló sún mọ́ ilé wọn jù, Rábì sì mọ orin ìyìn ju èmi ọmọ kátíkíìsì lọ. Bó bá gbọ́ orin lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti lè fi súfèé gbé e jáde láìṣìṣe. Ìyá rẹ̀ á ní obìnrin kì í súfèé. Rábì á dákẹ́ títí ìyá á fi wọlé.

Lóṣù tí a wọlé sáà, ọkẹ́sítírà kan wọ ọkọ̀ ojú irin wá láti Kàdúná, wọ́n sì wá ṣeré fún wa ní ilé-ìwé. Wọ́n lé ní ogún, wọ́n wọ dúdú látòkè délẹ̀ bí ẹni ń lọ síbi ìsìnkú, ẹ̀rín ló sì wà lẹ́nu gbogbo wọn. Èyí tó jọ wá lójú jù ni ọkùnrin tó dúró síwájú wọn pẹ̀lú igi tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Kò lu nǹkan kan, kò fọn nǹkan kan, síbẹ̀ òun ló làágùn jù. Àwọn tó ń ta faolíìnì, a pè wọ́n ní onígòjé, nítorí gòjé àwọn Hausa la mọ̀.

Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ọ̀kan nínú wọn, Ọ̀gbẹ́ni Dáńjúmà, fi Hausa sọ fún wa pé àwọn máa yá ilé-ìwé wa ní faolíìnì kan. Ọmọ kan ni yóò máa tọ́jú rẹ̀, òun yóò sì máa wá kọ́ ọ lóṣooṣù. Bí sáà bá parí, òun yóò gbọ́ ohun tí ọmọ náà lè ṣe. Bó bá dára, faolíìnì náà yóò dúró. Bí kò bá dára, ó di ti ilé-ìwé mìíràn. Ó wá fa ohùn kan, ó ní kí a fi ẹnu dá a padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Rábì ló dá a padà bó ṣe rí. Ìgbà tó kàn mí, ó ní kí n jókòó, kí n má jẹ́ kó dùn mí.

Ẹ̀yìn ìjọ ni Rábì ti ń kọ́ ọ lẹ́yìn ilé-ìwé, èmi ni mò ń bá a di ìwé orin mú. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ìyá mi bi mí bóyá ewúrẹ́ ló há síbì kan. Nígbà tó fi di oṣù kẹta, ìyá mi kan náà ti ń gbé àga jáde wá gbọ́ ọ.

Ọyẹ́ wá dé. Ẹni tó bá mọ Mínnà mọ ọyẹ́ rẹ̀: ètè á là, gìgísẹ̀ á là, igi ìlẹ̀kùn pàápàá á là. Ohunkóhun tó bá gbẹ nílé wa, òrí ni ìyá mi fi ń pa á, ìbáà jẹ́ ẹsẹ̀ ọmọ, ìbáà jẹ́ awọ bàtà. Nígbà tó ku ọ̀la kí Ọ̀gbẹ́ni Dáńjúmà wá gbọ́ Rábì, ó gbé faolíìnì sílé wa kó tó lọ sí iléékéwú. Mo ṣí àpótí rẹ̀. Mo rí i pé irun mélòó kan ti já lára ọ̀pá tí wọ́n fi ń fà á. Mo sì ti rí ọ̀gbẹ́ni náà rí tó ń fi nǹkan pa irun ọ̀hún. Mo rò pé ìpara ni. Mo bu òrí, mo pa irun náà látòkè délẹ̀, mo sì gbàdúrà lé e lórí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo kíláàsì pé. Rábì gbé faolíìnì léjìká, ó fà á. Kò dún. Ó tún fà á, ọ̀pá náà kàn ń yọ̀ gẹ̀rẹ̀ lórí okùn ni.

“Kai,” ọmọ kan wí lẹ́yìn, “faolíìnì ń gbààwẹ̀.”

Ọ̀gbẹ́ni Dáńjúmà gba ọ̀pá, ó gbóòórùn rẹ̀. “Ta ló fi òrí pa á?”

Rábì wò mí. Ó ti mọ̀. “Èmi ni, sà,” ló wí.

Mo dìde. “Irọ́ ló ń pa, sà. Èmi ni. Ọyẹ́ ń jẹ irun yẹn.”

Tíṣà wa, Mísísì Adéoyè, ti ń nawọ́ sí pàṣán. “Ẹ jọ̀ọ́, Mà,” Ọ̀gbẹ́ni Dáńjúmà wí, “èmi ni mi ò ṣàlàyé fún wọn.” Ó yíjú sí wa. “Irun kí ni èyí?”

Ẹnì kan ní òwú ni. Ẹlòmíràn ní irun ìyàwó òyìnbó.

“Ìrù ẹṣin ni.”

Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Ó wá mú oje igi tó ti gbẹ jáde nínú àpò, ó ní òun ló ń jẹ́ kí irun náà di okùn mú kó lè dún. Ó ní ọ̀rá ló ń jẹ́ kó yọ̀, kò sì sí ọ̀nà àbáyọ ju ká pààrọ̀ irun náà lọ. “Ta ló mọ ibi tí ẹṣin wà?”

Mínnà la wà. Gbogbo ọwọ́ ló gòkè.

A tò ní méjì-méjì lọ sọ́dọ̀ bàbá Hausa kan tó ń tọ́jú ẹṣin. “Haba, ìrù ẹṣin fún kí ni?” bàbá náà bèèrè.

“Fún orin,” Ọ̀gbẹ́ni Dáńjúmà dáhùn.

“To, ó dára. Kí àwọn ọmọ má dúró sẹ́yìn ẹṣin.” Ó mú ẹṣin funfun kan wá, ó gé díẹ̀ nínú ìrù rẹ̀ fún wa.

Ọ̀gbẹ́ni Dáńjúmà jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ilé-ìwé, ó fọ irun náà, ó yà á, ó dì í mọ́ ọ̀pá, àwa sì yí i ká bí ìgbà tí wọ́n ń pín oúnjẹ. Ó di ọ̀sán kó tó fi oje pa á. Rábì gbà á, ó ta orin ìyìn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohùn rẹ̀ le díẹ̀, ṣùgbọ́n orin ni. Faolíìnì dúró sí ilé-ìwé wa.

Rábì ni kò dúró. Kí sáà tó tẹ̀ lé e tó parí, rélùwéè gbé bàbá rẹ̀ lọ sí Ẹnúgù. Ilé-ìwé ni wọ́n yá ní faolíìnì, kì í ṣe Rábì. Ó nù ún, ó gbé e fún mi, ó ní, “Ọmọ kátíkíìsì, bó bá gbẹ, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ o.” Lẹ́tà méjì ló kọ sí mi. Nínú ìkejì, ó ní kò sí faolíìnì ní ilé-ìwé àwọn. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Èmi tí wọ́n ní kí n jókòó ni mo wá ń lò ó. Mi ò mọ̀ ọ́n ta dáadáa rárá, ṣùgbọ́n nípasẹ̀ rẹ̀ ni mo fi mọ orin kà, tí mo sì ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ látìgbà náà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Lónìí, ogún ọmọ ló wà nínú gbọ̀ngàn yẹn, kálukú pẹ̀lú faolíìnì tirẹ̀ tí wọ́n yá a. Hausa ni wọ́n fi ń bú ara wọn, inú fóònù ni wọ́n ti ń wá orin. Bí wọ́n ṣe ń tẹ́tí sí ohùn àkọ́kọ́ yẹn, tí ẹnu wọn á là díẹ̀, ìyẹn nìkan ni kò yí padà.

Nígbà tí wọ́n jáde, mo lọ bá ọ̀dọ́bìnrin tó ń kọ́ wọn. Mo ní, “Ọmọ mi, bí wọ́n bá gbé bàbá ọmọ kan lọ sí ìlú mìíràn ńkọ́?”

“Ó máa ń ṣẹlẹ̀, Mà. Ọmọ á gbé e dání lọ. A ó bá a wá olórin tó wà níbẹ̀, kó máa kọ́ ọ lọ.”

“Kò ní dá a padà?”

“Àfi tó bá dàgbà tí èyí bá ti kéré jù fún un, Mà. Ìgbà yẹn la máa gbà á, ká fún un ní èyí tó tóbi.”

Mo ní kí Ọlọ́run bù kún wọn. Mo di ọmọ-ọmọ mi lọ́wọ́ mú, a ń lọ sílé. Lójú ọ̀nà, mo bẹ Ọlọ́run tí èmi àti Rábì jọ ń sìn pé kó jẹ́ pé, lẹ́yìn lẹ́tà kejì yẹn, ẹnì kan ní Ẹnúgù yá a ní òmíràn.