Ìwé Àṣẹ Lọ́wọ́ Àbúrò

Obìnrin kan wà tó mọ iṣẹ́ wẹ́dà débi pé bó bá jó irin méjì pọ̀, ojú lásán ò lè rí ibi tí wọ́n ti pàdé. Àǹtí Wẹ́dà ni gbogbo sáìtì ń pè é. Ó ti lé ní ogójì ọdún, ó ga, apá rẹ̀ le bí apá ẹni tó ń la igi, àpá iná wẹ́wẹ́ sì kún ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ náà níwájú ilé wọn, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń fi okùn fò. Nígbà tí bàbá kú, òun náà ló kọ́ àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá kan náà, tó fi ọdún mẹ́sàn-án jù.

Iṣẹ́ náà ò wọ àbúrò lára. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Bó bá jórin, ibi tó jó á rí gbágungbàgun bí ìgbẹ́ adìẹ, ẹ̀gbọ́n á sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì, àbúrò pa iṣẹ́ náà tì, ó lọ sílé ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ni bí a ṣe ń dènà jàǹbá níbi iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n ló ra àpótí tó kó ẹrù sí, òun náà ló sì gbé àpótí náà rù dé ibùdókọ̀. Kò dùn ún rárá nígbà yẹn. Lójú tirẹ̀, ẹni tí kò mọ irin jó gbọ́dọ̀ wá nǹkan mìíràn ṣe láyé.

Kò mọ̀ pé àbúrò ọ̀hún á padà wá bá òun ní sáìtì kan náà, tòun ti akoto funfun lórí, bí akoto àwọn ọ̀gá, nígbà tí tòun ṣì jẹ́ yẹ́lò.

Ilé àtijọ́ alájà mẹ́rin kan ni wọ́n ń tún ṣe kó lè di ilé ìwòsàn. Iṣẹ́ Àǹtí Wẹ́dà ni pé kó fi iná gáàsì gé àwọn páìpù omi tó ti dípẹtà kúrò lára ògiri, kó sì jó tuntun sí i. Iṣẹ́ àbúrò ni pé kó wo ibi tí wọ́n ti fẹ́ dáná kí ẹnikẹ́ni tó dá a. Bí ibẹ̀ bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á fọwọ́ sí ìwé àṣẹ. Láìsí ìwé yẹn, wẹ́dà kankan ò gbọdọ̀ ṣáná. Kò pẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ fi sọ ọ́ ní Oníwèé.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ̀gbọ́n gbé ìwé lọ bá a, Oníwèé tẹ orúnkún kí i dáadáa níṣojú gbogbo ènìyàn. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í yí yàrá náà ká. Ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó bọ́ sí yàrá kejì láti lọ wo ibi tí páìpù náà yọ sí, nítorí irin a máa gbé ooru kiri bí olófòófó ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ kiri. Ó rí àpò èérún pákó kan níbẹ̀. Ó rí àkísà tí àwọn kunlékunlé fi nu ọ̀dà, tí wọ́n kó jọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ó tún rí ihò kan nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ páìpù, tí ìpẹ́pẹ́ iná lè gbà já sí ìsàlẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú,” ló wí. “Mi ò tíì lè fọwọ́ sí i.”

Ó tó ènìyàn mẹ́jọ tó dúró níbẹ̀. Káfíńtà kan wúkọ́, ṣùgbọ́n ikọ́ náà jọ ẹ̀rín. Àǹtí Wẹ́dà bọ́ sí yàrá kejì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa àkísà. Òwe àwọn àgbà ló ń tún pè nínú ara rẹ̀, pé bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, àfi ìgbà tó wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó rí i pé àkísà ọ̀hún ló kún un. Ohun tó dùn ún jù ni pé òótọ́ ni àbúrò sọ. Bàbá wọn gan-an ì bá ti rí ihò yẹn.

Láti ọjọ́ náà ni owú ti wọ̀ ọ́ lẹ́wù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka nǹkan tí kò kà tẹ́lẹ̀. Ó ń kà á bí ẹnjiníà, ọ̀gá sáìtì, bá fa àga fún Oníwèé tí kò sì fa fún òun. Ó ń kà á bí àwọn tó máa ń wá béèrè nǹkan lọ́wọ́ òun bá gba iwájú òun kọjá lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Bàbá Aṣọ́ná, arúgbó tó ti ń gbé àgbá ìpaná pupa dúró ti Àǹtí Wẹ́dà láti ọdún mẹ́fà, pàápàá ti ń ṣí fìlà fún ọmọ ọ̀hún. Lọ́jọ́ kan, Oníwèé ṣèèṣì kọ ọjọ́ àná sórí ìwé kan, wọ́n sì dá a padà fún un. Inú ẹ̀gbọ́n dùn títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó ń kọrin bó ṣe ń fọ abọ́, ọkọ rẹ̀ sì bi í bóyá wọ́n fún un ní ìgbéga.

Ọ̀dọ̀ Àǹtí Wẹ́dà ni ìyá wọn ń gbé. Òun ló ń fi òróró pa á léékún láràárọ̀, òun ló ń bá a gbé omi wọ balùwẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú kan, obìnrin kan láti ilé kejì wá kí màmá, ó sì béèrè àwọn ọmọ. Àǹtí Wẹ́dà wà ní kíṣìnnì, ó ń po tíì. Ó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ ketekete.

“Wọ́n wà dáadáa o. Ọ̀kan ń fi ọwọ́ jẹun, ọ̀kan ń fi orí jẹun.”

Màmá ò ní i lọ́kàn láti bú ẹnikẹ́ni. Àwàdà arúgbó ni, àlejò náà sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Àǹtí Wẹ́dà dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́ títí tíì náà fi tutù. Nígbà tó gbé e jáde, ó rọra gbé e kalẹ̀, kò sì jókòó tì wọ́n.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ku páìpù méjì péré ní àjà kejì. Ó ti kó gbogbo nǹkan kúrò nílẹ̀, ó ti fi aṣọ tí iná kì í jó bo ilẹ̀, Bàbá Aṣọ́ná ti gbé àgbá rẹ̀ dúró. Ìbuwọ́lù ló kù. Wọ́n ní Oníwèé wà lókè pátápátá, ní àjà kẹrin, lọ́dọ̀ ẹnjiníà. Wọ́n dúró. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá di ogún, ogún di ogójì. Láti ojú àtẹ̀gùn, wọ́n gbọ́ tí ẹnjiníà sọ nǹkan, wọ́n sì gbọ́ tí Oníwèé rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló fa wàhálà. Ẹ̀rín ọmọ kékeré tó gbé pọ̀n sẹ́yìn nígbà kan ni, ṣùgbọ́n bó ṣe gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà, àfi bí ẹni pé òun ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín.

Ó ní kí Bàbá Aṣọ́ná lọ mu omi. Bàbá wo ìwé tí kò sí ìbuwọ́lù lára rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó sì lọ. Àǹtí Wẹ́dà fa ìbòjú sílẹ̀, ó ṣáná.

Kò gé páìpù dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Irin náà pín bí ẹni fi ọ̀bẹ gé ọṣẹ. Láàárín ogún ìṣẹ́jú, ó ti gé méjèèjì, ó ti yí ẹnu gáàsì pa. Kò lọ wo yàrá kejì. Kò sì dúró kí wákàtí kan pé kó tó kúrò níbẹ̀, bí òfin ṣe wí. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ jókòó sábẹ́ ìbòòji, ó ń jẹ búrẹ́dì.

Páìpù kejì yẹn ò kan ògiri lásán. Pákó ni wọ́n fi bo ògiri náà ní yàrá kejì, fóòmù ni wọ́n sì kì sínú rẹ̀ láyé àtijọ́. Ooru ti bá irin wọlé lọ bá fóòmù. Kò jó kíákíá. Ó ń jẹra nínú òkùnkùn níbẹ̀, díẹ̀díẹ̀.

Òórùn ló kọ́kọ́ dé imú rẹ̀. Wẹ́dà mọ òórùn. Ó ju búrẹ́dì sílẹ̀, ó sáré gòkè. Pákó ògiri ti dúdú, èéfín ń yọ láàárín rẹ̀ bí èéfín ẹnu ìkòkò. Ó gbé àgbá pupa, ó fọ́n ọn sí i títí ó fi tán. Iwájú ògiri kú, inú rẹ̀ ń jó lọ sókè. Ó fi irin fa pákó náà ya, iná sì bú sí ọwọ́ òsì rẹ̀. Ìgbà yẹn ló rántí pé àjà kẹrin wà lórí ògiri yìí, àti ẹni tó wà níbẹ̀. Ó sáré lọ síbi aago tí wọ́n fi ń kéde iná lójú àtẹ̀gùn, ó sì ń lù ú kíkankíkan.

Gbogbo ènìyàn jáde. Oníwèé ló jáde gbẹ̀yìn lára àwọn tó wà lókè, ó sì ń fi orúkọ inú ìwé ka orí níta. Ó ku ẹnì kan. Ó mọ ẹni tó jẹ́. Òfin ò gbà á láyè kó padà wọlé, kò sì wọlé, ṣùgbọ́n ó dúró lẹ́nu ọ̀nà níbi tí èéfín dé, ó ń pe “Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ̀gbọ́n mi!” títí ohùn rẹ̀ fi há. Àǹtí Wẹ́dà gbọ́ ọ láti orí àtẹ̀gùn. Ohùn náà ló tẹ̀ lé jáde, nítorí ojú rẹ̀ ò ríran mọ́ nínú èéfín.

Àwọn panápaná dé, wọ́n pa iná náà. Yàrá mẹ́ta ló jó. Kò sí ẹni tó kú.

Nígbà tí wọ́n ti di ọwọ́ Àǹtí Wẹ́dà, ẹnjiníà kó gbogbo wọn jọ. Oníwèé ló kọ́kọ́ kọjú sí. Ó ní ta ló fọwọ́ sí iná àjà kejì? Ó ní kí ni iṣẹ́ rẹ̀ ní sáìtì yìí bí kò bá ṣọ́ iná? Oníwèé wolẹ̀, akoto funfun náà sì tẹ̀ síwájú.

Kí á má purọ́, inú Àǹtí Wẹ́dà dùn. Ó dùn fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn lè fi mí lẹ́ẹ̀kan. Adùn náà mọ́ gaara, ó sì bà á lẹ́rù, nítorí kò mọ̀ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lòun. Ó dìde.

“Kò mọ̀ sí i,” ló wí. “Mi ò dúró gbàwé. Èmi ni mo sì lé Bàbá lọ.”

Wọ́n gba iná lọ́wọ́ rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Wọ́n ní kó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ méjì nípa iná níbi iṣẹ́, lẹ́yìn náà kó máa ṣọ́ iná fún wẹ́dà mìíràn. Lọ́jọ́ tí Oníwèé tẹ̀ lé e lọ tún ọwọ́ dì, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọsibítù, wọ́n ń retí kí wọ́n pè wọ́n. Ibẹ̀ ni àbúrò ti sọ ọ́, láìgbé ohùn sókè.

“Ẹ lè bú mi. Ẹ lè gbá mi létí, ẹ̀gbọ́n mi lẹ jẹ́. Ṣùgbọ́n iná lẹ fi bá mi sọ̀rọ̀.”

“Owú rẹ ni mò ń jẹ,” ni ẹ̀gbọ́n dáhùn. Kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, kò sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò ju báyẹn lọ.

Oníwèé ò sọ pé òun ti dárí jì í. Ó bi í bóyá ọwọ́ náà ń ta á, ó sì bá a mú báàgì rẹ̀ nígbà tí wọ́n pè wọ́n wọlé.

Oṣù mẹ́ta náà gùn. Bí wẹ́dà bá ti ṣíwọ́, tí gbogbo ènìyàn bá ti lọ jẹun, Àǹtí Wẹ́dà á jókòó sórí garawa tó dojú dé, ojú rẹ̀ á wà lára ògiri fún odindi wákàtí kan. Kò rọrùn fún ẹni tí ara rẹ̀ ti mọ́ iṣẹ́. Nígbà mìíràn Oníwèé á kọjá pẹ̀lú àwọn ọ̀gá, owú á sì tún ta á nínú bí ẹ̀gún kékeré. Kì í jẹ́ kó darí òun mọ́. Á wí fún owú náà nínú ara rẹ̀ pé, “Ìwọ náà tún dé,” á sì máa wo ògiri rẹ̀ lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Oníwèé gbé garawa kejì wá, ó dojú rẹ̀ dé, ó jókòó tì í. Ó ní bí òun ṣe kí màmá lánàá, eékún rẹ̀ ń dùn ún ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, pé kí ni ẹ̀gbọ́n rò pé àwọn lè ṣe sí i. Wọ́n sọ ọ́ títí, wọ́n ń wo ògiri bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, wákàtí náà sì pé.