Ilà Ojú Lábẹ́ Àga Ìwàásù

Bí irọ́ bá wọ ọ̀rọ̀ yìí, kí ahọ́n mi gbẹ! Èmi tí mo fúnra mi kọ́ ìwé títí mo fi ju tíṣà lọ, ó ṣojú mi kòró.

Tàjùdíìnì tó ń ta páàtì ọkọ̀ ní Abossey Okai, l'Accra, gbọ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì kan fẹ́ gé àga ìwàásù tí bàbá bàbá rẹ̀ gbẹ́. Ó pè mí. Ta ni ì bá tún pè? A sáré débẹ̀. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà bíi pé mọ́ṣáláṣí ni.

Ayùn káfíńtà ti wà lára igi.

Tàjùdíìnì ní bàbá bàbá òun ló gbẹ́ ẹ. Àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì ní, "Bàbá Alata," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe ọmọ Yorùbá ní Ghana, "a ò mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ mọ́, la ṣe ń gé e. Ṣé Mùsùlùmí á gbẹ́ àga ìwàásù ni?"

Tàjùdíìnì fèsì pé, "Ilà ojú wa ni bàbá bàbá mi fi ń parí iṣẹ́ ẹ̀. Ẹ yí i dé!"

Káfíńtà rẹ́rìn-ín, ó ń fa ayùn lọ. Igi ń ké, gbogbo Accra ń gbọ̀n! Àlùfáà gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n yí àga dé. Eruku nìkan la rí. Tàjùdíìnì fi fìlà nù ún: àbàjà mẹ́ta, gẹ́lẹ́ bíi ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Káfíńtà ju ayùn sílẹ̀.

Àga náà ṣì wà níbẹ̀. Ẹ bi Afua tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Òun ló gbé bàtà Tàjùdíìnì wọlé fún un.