Ọdún Tí Ẹsẹ̀ Wa Kò Mọ Bàtà

Bí ọdún bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, tí àwọn ọmọ-ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti Èkó àti Àkúrẹ́, ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń dúró sí. Kí wọ́n tó kí mi tán ni mo ti ń wo ẹsẹ̀ wọn. Oògùn aràn ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ ọdún nílé mi, àtàgbà àtọmọdé, kí ìrẹsì tó jiná. Omi mímu á ti hó, á ti tutù nínú ìkòkò tó ní ìdérí. Ẹni tí kò bá jẹ ẹ̀fọ́ kò ní fojú kan ẹran. Bàtà sì ni gbogbo ẹsẹ̀ fi ń tẹ àgbàlá, ìbáà ṣe ọjọ́ Kérésì. Àwọn ọmọ náà ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní wolé-wolé ni mí. Kí wọ́n máa pè mí bẹ́ẹ̀ lọ. Àìsàn kì í bá wa ṣọdún nílé mi, mo sì mọ ohun tí ojú mi rí kí n tó di wolé-wolé.

Abúlé oko kan nítòsí Ajue ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Bàbá mi kì í ṣe ọmọ Ìkálẹ̀. Apá Ọ̀ṣun ló ti wá dá oko kòkó, ó sì ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀ lọ́dọọdún. A kò tíì gba òmìnira pẹ́ nígbà náà. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti sọ ilé-ìwé di ọ̀fẹ́, èmi náà sì ń lọ bí ọmọ olówó. Aládùúrà paraku ni wá. Ẹnu ọ̀nà ilé àdúrà ni a ti máa ń bọ́ bàtà, nítorí Ọlọ́run sọ fún Mósè pé ilẹ̀ mímọ́ ni ilẹ̀ tó dúró sí.

Lẹ́yìn tí wọ́n bí mi, ọmọ kò dúró fún ìyá mi mọ́. Á bí i, á sin ín. Nígbà tó yá, nígbà Kérésì kan, ó bí ọmọkùnrin tí igbe rẹ̀ gba gbogbo abúlé, ọmọ náà sì dúró. Ayọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa bàbá mi. Ó dìde láàárín ìjọ, ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé láti ọjọ́ náà títí ọdún tuntun tó tẹ̀lé Kérésì mìíràn yóò fi wọlé, ẹnikẹ́ni nínú ilé òun kò ní fi bàtà sẹ́sẹ̀ mọ́, ìbáà ṣe nínú oko ìbáà ṣe lójú ọ̀nà, nítorí gbogbo ilẹ̀ tí ọmọ òun bá wà láàyè lórí rẹ̀, ilẹ̀ mímọ́ ni. Ìjọ pariwo Halelúyà. Ìyá mi ń sunkún ayọ̀. Kí n má parọ́, inú bí mi, nítorí bàtà Kérésì mi ṣì wà nínú páálí rẹ̀.

Ẹni tó bá mọ oko kòkó mọ̀ pé abẹ́ rẹ̀ kì í gbẹ. Ewé a máa jẹrà síbẹ̀, omi a máa ro. A kò ní ṣáláńgá ní abúlé wa. Ẹ̀yìn igi kòkó ni tọmọdé tàgbà ń lọ, ibẹ̀ náà la sì ń tẹ̀ kọjá láàárọ̀ àti lálẹ́. Ní gbogbo ìgbà òjò ọdún náà, àtẹ́lẹsẹ̀ mi ń yún mi ṣáá. Nígbà tí a fi máa gba ìsinmi Kérésì, èmi tí mo máa ń sáré délé láti ilé-ìwé ti di ẹni tó ń jókòó sinmi lójú ọ̀nà. Oúnjẹ kò wù mí. Amọ̀ ara ògiri ló ń wù mí. Ìyá mi ká mi mọ́ ẹ̀yìn ilé níbi tí mo ti ń fọ́ ọ jẹ, ó gbá mi létí, ó sì tún fa ojú mi mọ́ra wò. Ni ó bá pariwo pe bàbá mi.

Wọ́n gbé mi lọ sí dìsípẹ́ńsárì ní Odigbo. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀, dókítà ni gbogbo wa ń pè é, fa ìpéǹpéjú mi wálẹ̀. Ó ní kí àwọn òbí mi wò ó, inú rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ.

"Aràn kan wà nínú ilẹ̀ oko yín," ni ó wí. "Àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń gbà wọlé, ẹ̀jẹ̀ ló sì ń mu. Mo máa fún un ní oògùn tí yóò lé e jáde, mo máa fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀. Àmọ́ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá tún kan ilẹ̀ yẹn, asán ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó kù lára rẹ̀ kò tó nǹkan mọ́. Ẹ ra bàtà fún un lónìí, bàbá."

Bàbá mi kò ra bàtà kankan títí a fi délé. Ìyá mi ló kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

"Ẹ lọ bá wòlíì, kí ó gbàdúrà tú yín sílẹ̀."

"Wòlíì kọ́ ni mo jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún," ni bàbá mi dáhùn. "Ẹni tí mo jẹ́ ẹ fún ló fún wa lọ́mọ tó wà lẹ́yìn rẹ yìí. Ó ku díẹ̀ kí ọdún tuntun dé. Bí mo bá yẹ ẹ̀jẹ́, tí nǹkan bá ṣe ọmọ yìí ńkọ́?"

"Tí nǹkan bá ṣe èyí tó jẹ́ obìnrin ńkọ́? Ṣé ẹ̀yìnkùlé ni mo ti he òun ni?"

Orí ẹní ni mo wà, mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ó dà bíi pé wọ́n gbé èmi àti àbúrò mi sórí òṣùwọ̀n bí àpò kòkó, tí wọ́n ń wo èwo ló máa wálẹ̀. Mo fẹ́ràn ọmọ náà, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kú nítorí rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bàbá mi wọlé wá, ó ní kí ìyá mi bá òun mú ọ̀já kan wá. Ìyá mi rò pé ó fẹ́ fi di ẹrù ni. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ níwájú mi, ó ní kí n gun ẹ̀yìn òun.

"Kò ní wọ bàtà," ni ó wí, "kò sì ní tẹ ilẹ̀."

Ìyá mi fi ọ̀já náà dì mí mọ́ ọn lẹ́yìn.

Báyìí ni ọkùnrin gìrìpá, tó ní irùngbọ̀n, ṣe ń pọ̀n mí kiri ní gbogbo ìsinmi náà, èmi tí mo ti mọ ìwé kà. Ó pọ̀n mí lọ sódò. Ó tẹ́ ẹní fún mi lẹ́bàá ibi tó ti ń gbẹ́ ṣáláńgá, nítorí dókítà sọ fún un pé ó yẹ kí abúlé ní ọ̀kan. Lọ́jọ́ Kérésì, ó pọ̀n mí lọ sí ilé àdúrà pẹ̀lú sùtánà funfun lọ́rùn rẹ̀. Àwọn ọkùnrin abúlé dúró sójú ọ̀nà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyá ìkókó, ẹ kú ewu ọmọ o! Ẹni bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n!"

"Ọmọ ọ̀ràn kọ́," ni bàbá mi ń dá wọn lóhùn, "ọmọ iyì ni."

Mo gbádùn rẹ̀, kí ni kí n fi pamọ́? Ìyàwó onílẹ̀ wa, tó jẹ́ ọmọ Ìkálẹ̀, ń pè mí ní "ọma mi", ó sì ń kó ẹyin fún mi. Ìyá mi ń se omi poroporo ọkà bàbà tó pọ́n bí osùn, ó ń dúró tì mí kí n mu ún tán. Ẹ̀fọ́ láàárọ̀, ẹ̀dọ̀ màlúù láti Ore nígbà tó bá rí i rà. Oògùn dúdú dókítà ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Kí Kérésì tó kọjá, mo ti ń béèrè ìrẹsì kún ìrẹsì.

Ìdí igi obì kan wà lọ́nà ilé àdúrà tí bàbá mi kì í kọjá láìdúró. Á fara ti igi náà, á ní òun fẹ́ wo bí kòkó àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń so. Mo fi etí lé ẹ̀yìn rẹ̀, mo ń gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń lù kì-kì-kì. Mo rò pé èmi ni mo wúwo. Inú mi dùn pé mo ti ń sanra.

Ọdún tuntun wọlé, ẹ̀jẹ́ parí. Bí a ṣe jáde nínú ìsìn ni ìyá mi fi bàtà rọ́bà tuntun sí gbogbo ẹsẹ̀ tó wà nílé. Àbúrò mi náà ti ń fi tirẹ̀ ta gẹ́gẹ́, ara rẹ̀ le koko. Kí ilé-ìwé tó wọlé, a padà lọ fi mí han dókítà. Ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi rìn. Mo ṣáájú ìyá mi, mo ṣáájú bàbá mi, mo sì ń dúró dè wọ́n. Bàbá mi ló ń kẹ́yìn.

Dókítà tún fa ìpéǹpéjú mi wálẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀jẹ̀ ti ń dé. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò gbọ́ ọ mọ́. Bàbá mi ni ó ń wò, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, tó fi ọwọ́ méjèèjì di ara ilẹ̀kùn mú, tó ń mí gúlegúle.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ jókòó."

Ó fa ìpéǹpéjú bàbá mi náà wálẹ̀. Èmi àti ìyá mi jọ bẹ̀rẹ̀ wò ó. Inú rẹ̀ funfun ju tèmi lọ.

"Ìgbà wo ló ti ń rẹ̀ yín báyìí?" ni dókítà béèrè.

Bàbá mi wo ilẹ̀. "Ó ti ń rẹ̀ mí kí ó tó rẹ ọmọ yìí."

Ìyá mi bú sẹ́kún níwájú gbogbo èrò. "Ẹ sì ń pọ̀n ọ́n! Ó ń rẹ̀ yín tó báyìí, ẹ sì ń pọ̀n ọ́n kiri!"

"Ta ni ìbá pọ̀n ọ́n?" ni bàbá mi wí.

Ìyá mi nu ojú rẹ̀. Ó gba oògùn náà lọ́wọ́ dókítà, ó gbé ife omi, ó sì dúró ti bàbá mi títí ó fi gbé e mì.