Nígbà Tí Wọ́n Fẹ́ Kí N Di Nọ́ọ̀sì

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá ìyá ọmọ gbé ọmọ-ọmọ mi tó kéré jù lọ sí ilé ìwòsàn fún abẹ́rẹ́ àjẹsára. Bí nọ́ọ̀sì ti ki òwú bọ inú sípíríìtì, tó ń fi í nu apá ọmọ náà, ni òórùn rẹ̀ gba imú mi wọlé, ó sì gbé mi padà sí ìgbà ọmọge mi, nígbà tí mo ń gbé inú òórùn yẹn láti àárọ̀ dalẹ́, tó sì ń fún mi lọ́rùn bí okùn. Ọmọ náà figbe ta. Èmi bú sẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ wò mí bí ẹni pé ogbó ti ń dà mí lórí rú.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jókòó kí n sọ ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín fún yín.

Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ni ilé wa. Láyé ìgbà náà, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, gbogbo koríko pápá yóò pọ́n bí awọ àgbọ̀nrín, ọyẹ́ yóò máa fẹ́, ètè gbogbo wa yóò là, òrí la ó sì máa fi pa á. Abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àwọn àgùntàn wa ń sùn. Kí ladánì tó pe ìrun àsùbáà, àwọn àgbò wa á ti pe tiwọn. Èmi ni mo ń tọ́jú wọn. Mo mọ èyí tó ń ṣagbéraga nínú wọn, mo sì mọ èyí tó ń jí èlùbọ́ Ìyá mi jẹ lórí àpáta tí wọ́n sá a sí.

Àgbẹ̀ oníṣu ni Bàbá mi. Bàbá Ràfíátù ni gbogbo ìlú ń pè wọ́n. Ràfíátù yìí ni ẹ̀gbọ́n mi àgbà, àwọn ló máa ń dirun fún mi, tí wọ́n á máa fi ìyarun gbá mi lórí tí n kò bá jókòó jẹ́ẹ́. Oyún àkọ́kọ́ wọn ni wọ́n bá lọ. Ìgbà òjò ni. Ọ̀nà Ṣakí ti di ẹrẹ̀, ọkọ̀ tó gbé wọn rì sáàárín ọ̀nà, kò sì sí agbẹ̀bí kankan nítòsí; ilé ìwòsàn Ṣakí ni Bàbá ti lọ gbé òkú wọn. Láti ọjọ́ náà ni Bàbá ti ń sọ gbólóhùn kan ṣoṣo, wọn kì í sì í pariwo sọ ọ́: "Nínú ilé yìí ni nọ́ọ̀sì yóò ti jáde." Èmi sì ni ọmọbìnrin tó kù nínú ilé.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ girama tí mo lọ ní Ṣakí, ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́ ni Sídíkátù, ọmọ ìlú Òfíkì, tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá ìṣáná, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń bà á lẹ́rù. Nígbà tó kù díẹ̀ kí á jáde, tíṣà wa kọ orúkọ àwọn iṣẹ́ sára pátákó dúdú, ó ní kí oníkálukú nawọ́ sí èyí tó wù ú. Kó tó kọ nọ́ọ̀sì tán, ọwọ́ Sídíkátù ti wà lókè. Èmi náà na tèmi, àmọ́ ọwọ́ náà wúwo bí ẹni gbé odó.

Èsì ìdánwò dé, ó sì dára. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní Ṣakí níbẹ̀ gbà mí. Wọ́n ní kí Sídíkátù ṣì máa dúró ná, bóyá ààyè yóò ṣí. Bàbá pa àgbò, àwọn àfáà ṣàdúà, gbogbo ará àdúgbò sì ti ń pè mí ní Nọ́ọ̀sì kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń di ojú egbò.

Wọ́n fún mi ní aṣọ funfun. Ó yẹ mí gan-an ni. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ mú wa wọ yàrá ìgbẹ̀bí. Mo gbọ́ igbe obìnrin kan, ojú Ẹ̀gbọ́n mi ni mo rí. Ilé ń yí po lójú mi. Nígbà tí mo máa lajú, omi ni wọ́n ń wọ́n sí mi lójú, ìyá àgbà àwọn nọ́ọ̀sì, tí à ń pè ní Métírọ̀n, sì dúró tì mí, wọ́n ní, "Èwo ni ká tọ́jú báyìí, aláboyún ni àbí ìwọ?" Obìnrin náà bímọ láyọ̀. Èmi nìkan ni mo dùbúlẹ̀ àìsàn.

Mo rò pé yóò kọjá lọ, kò kọjá. Gbogbo ìgbà tí a bá ti wọ yàrá náà ni mo ń sá jáde. Mo rù débi pé bẹ́líìtì aṣọ mi kò rí ìdí dì mọ́. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Bí mo bá sọ fún Bàbá pé n kò ṣe mọ́, ó dà bí ẹni pé mo tún Ẹ̀gbọ́n mi sin lẹ́ẹ̀kejì.

Ó wá di ọjọ́ kan tí Bàbá kó iṣu wá sí ọjà Ṣakí. Abẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn wọ́ọ̀dù ni wọ́n bá mi, fìlà nọ́ọ̀sì mi lórí itan. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọn kò béèrè nǹkan kan, wọ́n jókòó tì mí lórí gbòǹgbò igi náà.

"Ìyá mi, ta ló nà ọ́?" Bí wọ́n ṣe ń pè mí nìyẹn, wọ́n ní mo jọ ìyá wọn.

"Kò sẹ́ni tó nà mí, Bàbá."

"Ṣé ebi ni?"

Ẹkún ló dá wọn lóhùn. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti há sí mi láyà tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí mo sọ tán, Bàbá ń fi ọ̀pá ọwọ́ wọn fa ìlà sílẹ̀. Mo rò pé mo ti ba ayọ̀ wọn jẹ́ nìyẹn.

"Ó pẹ́ tí mo ti dé," ni wọ́n wí níkẹyìn. "Ẹnu géètì yẹn ni mo dúró sí. Ẹsẹ̀ mi kọ̀, agbára káká ni mo fi wọlé. Òórùn ibẹ̀ ni mi ò lè gbà sára láti ìgbà Ràfíátù." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Èmi tí wíwọ géètì ṣòro fún ni mo wá ní kí ìwọ máa gbé inú ilé. Ràfíátù kò rán mi sí ọ, Ìyá mi. Èmi ni mo rán ara mi."

Ẹ̀yin ọmọ, ṣé ẹ ti ru igi ìdáná rí, tí ẹnìkan wá bá yín sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà? Bí ọrùn mi ti rí lọ́jọ́ náà nìyẹn; ìdí nìyẹn tí òórùn ilé ìwòsàn fi ń pa mí lẹ́rìn-ín lónìí.

"Kí ló wá wù ọ́ ṣe?" ni wọ́n béèrè. Ẹnikẹ́ni kò bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní, "Bàbá, ẹ rántí àgùntàn abilà yẹn, tí ọmọ há sí nídìí?"

"Ṣebí ìwọ lo fà á jáde."

"Ẹ̀rù kò bà mí lọ́jọ́ náà."

"Ẹ̀rù kẹ̀? Orin lò ń kọ!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, àbí omi ojú mìíràn ni, n kò mọ̀. "Ṣé wọ́n ń kọ́ irú ẹ̀ ní sùkúù?"

Mo ní wọ́n ń kọ́ ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn n'Íbàdàn, tíṣà wa ti sọ ọ́ rí. A jọ lọ bá Métírọ̀n. Wọ́n ní, "Bàbá, mo ti ń retí yín." Kò pẹ́ tí mo kúrò ni wọ́n pe Sídíkátù sí ààyè mi. Nínú bọ́lẹ́kájà tó gbé wa padà sílé, mo sùn fọnfọn lórí àpò òfìfo, Bàbá sì dì mí lápá mú kí n má baà ré bọ́ nínú gbágungbàgun ọ̀nà.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ fajú ro. Wọ́n ní, "Ọkọ wo ni yóò fẹ́ obìnrin tó ń gún màlúù lábẹ́rẹ́?" Ọkọ fẹ́ ẹ, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì rèé. Lẹ́yìn tí mo kẹ́kọ̀ọ́ jáde, mo ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì láàárín agbo ẹran Òkè-Ògùn, àwọn Fúlàní ń pè mí ní Likita, ìyẹn dókítà. Ní mọ́ṣáláṣí, Bàbá a máa wí pé dókítà ni ọmọ àwọn. Bí ẹnìkan bá béèrè pé dókítà kí ni, wọ́n á ní, "Ti gbogbo ohun tó ń mí."

Sídíkátù ńkọ́? Ilé ìgbẹ̀bí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ni ìjọba gbé e lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú wa ló jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbá wọn mú láyé. Bàbá kò jẹ iṣu tuntun kan láìbu tirẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Sídíkátù ti ṣaláìsí báyìí, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Wọ́n ti da ọ̀dà sí ọ̀nà tí ọkọ̀ Ẹ̀gbọ́n mi rì sí. Orí fóònù ni ẹ̀yin ti ń wá iṣẹ́ tí ẹ óò kọ́, orúkọ òmíràn kò tilẹ̀ ṣeé pè lẹ́nu mi. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, tiyín tilẹ̀ wá pọ̀ ju tiwa lọ. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ìbẹ̀rù kan wà níbẹ̀ síbẹ̀: ọmọ kò bẹ̀rù ìdánwò tó bó ṣe ń bẹ̀rù àtiwí fún ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ pé, "Èyí kì í ṣe tèmi." Lọ́jọ́ tí ẹ̀yin náà bá di òbí, tí ẹ bá rí ọmọ yín tó ń rù láìṣàìsàn, ẹ má tíì sọ nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ jókòó tì í.