Kọ̀ǹpútà Tí Mo Yàn fún Ìyá Mi

Kí wọ́n tó bí mi ni ìyá mi ti ń tẹ̀wé ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ ní Kabba. Ó lè máa bá ẹni tó jókòó tì í jiyàn lórí iye tí wọ́n ń ta iṣu l'Áyétòrò-Gbẹ̀dẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ má sì dúró lórí táípírétà. Kì í wo ọwọ́ náà. Mo máa ń wò ó nígbà tí mo wà ní kékeré, mo sì rò pé gbogbo ìyá ló lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Ó ní a ò ní máa gbé fáìlì lọ sí Ìlọrin mọ́, Lọ́kọ́ja kò jìnnà. Lóòótọ́, Lọ́kọ́ja kò jìnnà. Láti ibẹ̀ náà ni lẹ́tà ti wá pé gbogbo atẹ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ wá ṣe ìdánwò lórí kọ̀ǹpútà ní oṣù mẹ́ta sí i. Ẹni tí kò bá yege, kí ó máa lọ sílé.

Ìyá mi kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí. Ẹyọ kan ló wà ní ọ́fíìsì wọn, inú yàrá kan tí wọ́n ń tì pa ni wọ́n gbé e sí. Ó ní òun yóò ra tòun, òun yóò fi kọ́ṣẹ́ nílé. Owó tó ti ń kó jọ láti fi ṣe àjà ilé wa ló fẹ́ ná sí i. Títí di òní, bí mo bá dùbúlẹ̀ nínú ilé yẹn, páànù ni mò ń wò.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ nígbà náà. Mo ní ìwé ẹ̀rí, n kò ní iṣẹ́. Mo fẹ́ ṣàlàyé bó ṣe ń ṣe mí, torí pé bí n kò bá ṣàlàyé rẹ̀, ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà kò ní yé ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù ni. Kì í ṣe ẹ̀rù ebi, ìyá mi ń fún mi lóúnjẹ. Ẹ̀rù kí ẹnì kan má bi mí pé, “Ṣé o ti ríṣẹ́?” ni. Bí mo bá rí ojúlùmọ̀ tó ń bọ̀ lọ́nà, mo máa ń yà sínú ọgbà onílé. Ohun kan ṣoṣo tó kù mí kù ni pé mo kàwé. Bí ẹnì kan bá wá rí i pé ohun kan wà tí n kò mọ̀, kí ni mo tún jẹ́?

Ìyá mi pè mí, ó ní, “Ìwọ lo kàwé, ìwọ lo máa yàn án. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì wa, kí o bi wọ́n léèrè. Wọ́n ní oríṣi méjì ló wà. Bi wọ́n pé èwo ni wọ́n máa fi dán wa wò.”

Mo ní, “Màmá, kí ló dé tí ẹ̀yin kò béèrè?”

“Bí èmi bá béèrè, wọ́n á mọ̀ pé n kò mọ nǹkan kan. Orúkọ mi ni wọ́n á kọ́kọ́ kọ sílẹ̀.”

Òótọ́ ni pé oríṣi méjì ló wà. Ti àtijọ́, tí wọ́n ń pè ní Dọ́ọ̀sì, ojú rẹ̀ dúdú, lẹ́tà funfun ló wà lórí rẹ̀, kò ní àwòrán kankan. O gbọ́dọ̀ mọ ọ̀rọ̀ tí wà á tẹ̀ sí i kí ó tó dá ọ lóhùn. Tuntun, tí wọ́n ń pè ní Wíńdò, ní àwọ̀ mèremère àti àwòrán kéékèèké. Nǹkan kan wà tí wọ́n ń pè ní máòsì, tí wà á máa tì kiri lórí tábìlì, ọfà kékeré kan á sì máa sáré kiri lójú kọ̀ǹpútà.

Mo lọ sí ọ́fíìsì náà. Mo dé ẹnu ọ̀nà. Mo gbọ́ tí àwọn ọkùnrin méjì ń rẹ́rìn-ín nínú ilé, mo mọ ohùn ọ̀kan nínú wọn, a jọ kàwé ni, ó ti ríṣẹ́. Mo dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn náà mo yí padà. Nígbà tí mo délé, mo ní, “Mo ti béèrè. Tuntun ni wọ́n ń lò.”

Èmi náà gbà á gbọ́. Mo rò ó pé ìjọba tuntun kò lè máa lo ohun àtijọ́.

A lọ sí Lọ́kọ́ja. Méjèèjì ló wà ní ṣọ́ọ̀bù náà, wọ́n tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n sì tan àwọn méjèèjì. Ìyá mi bi ọkùnrin tó ń tà á pé, “Èwo ló jọ táípírétà?”

“Èyí ni, Màmá,” ó nawọ́ sí olójú dúdú. “Tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀. Wallahi, kò ní wàhálà.”

Ó ti ṣí ìwé kan sílẹ̀ lórí rẹ̀. Ìyá mi jókòó, ó gbé ọwọ́ lé e, lẹ́tà funfun sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde. Ó tẹ ìlà mẹ́ta láìsí àṣìṣe kan. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. “Èyí mọ̀ mí,” ó ní.

Àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì tó wà lẹ́yìn wa ń ra nǹkan tiwọn. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Ẹni tó bá ra Dọ́ọ̀sì lónìí, kó kúkú ra àdògán mọ́ ọn.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ara mi ló gbóná.

Mo ní, “Màmá, ẹ dìde níbẹ̀. Ti àwọn arúgbó nìyẹn.”

Ohùn mi le ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Tàbí kó jẹ́ pé bí mo ṣe fẹ́ gan-an ni. Ìyá mi ká ọwọ́ kúrò bí ẹni tí wọ́n gbá lọ́wọ́.

Ọkùnrin náà ní, “Ọ̀gá gíràdúéètì, kò burú. Ti àtijọ́ náà ṣì wà nínú tuntun yìí o. Bó bá ń tàn bọ̀, ẹ tẹ bọ́tìnnì kan báyìí, ojú dúdú á yọ. Ẹ gbà, dísíkì tí wọ́n fi ń tẹ̀wé lórí rẹ̀ nìyí, mo fi ta yín lọ́rẹ.”

“Mo mọ̀,” ni mo dáhùn. N kò mọ̀. N kò mọ bọ́tìnnì wo, n kò mọ ohun tí dísíkì wà fún. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin yẹn ń wò mí, n kò lè béèrè. Mo ti dísíkì náà bọ àpò báàgì mi, mo sì fa síìpù rẹ̀ pa. Ìyá mi san owó tuntun, a sì gbé e lọ sílé.

Oṣù mẹ́ta la fi bá máòsì jà. Ọwọ́ ìyá mi, tó mọ lẹ́tà gbogbo nínú òkùnkùn, kò lè ti nǹkan kékeré yẹn lọ síbi tó yẹ. Ọfà á fò kọjá, òun náà á tẹ̀ lé e títí máòsì á fi já bọ́ lórí tábìlì. “Ṣé ẹ ò rí i ni?” ni mo máa ń wí. “Ṣé ojú yín ń dùn yín ni?” Kò bú mi padà. Láràárọ̀, kó tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà náà, á kí i pé, “Okun o,” bí a ṣe ń kí ẹnikẹ́ni nílẹ̀ wa kí a tó bẹ̀ ẹ́ ní nǹkan. Mo máa ń fi í rẹ́rìn-ín. Nígbà tó fi máa tó ọjọ́ ìdánwò, ó ti lè ṣí ìwé, ó lè pa á mọ́, ó tilẹ̀ lè sọ lẹ́tà di pupa. Ó ní, “Wọ́n á rí mi lọ́jọ́ náà.”

Wọ́n rí i. Mo sìn ín lọ sí Lọ́kọ́ja, mo sì dúró síta, lẹ́bàá fèrèsé. Nígbà tó kàn án, ó wọlé pẹ̀lú búláòsì tó ti lọ̀ láti àná. Ó jókòó. Mo rí ojú kọ̀ǹpútà náà láti ibi tí mo dúró sí. Dúdú ni. Kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀ ju àmì kékeré kan tó ń ṣẹ́jú.

Ìyá mi na ọwọ́ ọ̀tún, ó ń táràrà lórí tábìlì.

Ọ̀gá tó ń dán wọn wò ní, “Màmá, kí ló sọnù?”

“Mò ń wá máòsì, sà.”

“Ti olówó lẹ ń wí. Ti ìjọba nìyí. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ tó máa ṣí i.”

“Ọ̀rọ̀ wo ni, sà?”

“Èmi lẹ ń bi? Ṣé èmi ni mo wá ṣèdánwò ni?”

Ìyá mi wo ojú dúdú náà. Ó gbé ọwọ́ lé e, ó tẹ̀ ẹ́ kíákíá, láìwo ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀gá náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó, ó kà á sókè fún gbogbo yàrá: “Okun o!” Ẹ̀rín bú. “Màmá kí kọ̀ǹpútà! Ẹ wá wo ohun tó fi dá a lóhùn: ó ní òun kò mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Màmá, ó ní òun ò mọ̀ yín rí. Ẹ máa lọ sílé.”

Ọkọ̀ gbé wa kúrò nílùú. Ìyá mi ní, “Akọ̀wé tí o bi léèrè ní ọ́fíìsì wa lọ́jọ́sí, ó dúdú àbí ó pupa?”

Mo ní, “Ó pupa.”

Kò sí ẹni tó pupa nínú wọn. Ó mọ gbogbo wọn, ó sì yí ojú sí fèrèsé.

Lẹ́tà pé kí ó máa lọ dé ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ní àṣà kan ní ọ́fíìsì náà: ẹni tí wọ́n bá ní kó máa lọ lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ìyá mi lọ bẹ ọ̀gá ọ́fíìsì wọn. Ó kúnlẹ̀ ni, ẹni tó rí i ló sọ fún mi. Nígbà tó dé, ó ní, “Wọ́n ní kí n mú ọmọ wá. Ìwọ ni mo ní. Wọ́n á dán ìwọ náà wò.”

Nígbà náà ni mo rántí àpò báàgì mi. Ìwé pẹlẹbẹ kan wà lára dísíkì náà, wọ́n kọ bọ́tìnnì tí mo gbọ́dọ̀ tẹ̀ sí i, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ tó máa ṣí i. Mo tan kọ̀ǹpútà ìyá mi, mo tẹ bọ́tìnnì náà, ojú dúdú yọ. Mo fi dísíkì sí i, mo tẹ ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, kò gùn ju orúkọ ènìyàn lọ. Ní ọjọ́ kẹrin, mo ti mọ ohun gbogbo tí ìdánwò náà ń béèrè.

Ọjọ́ kẹrin náà ni ìyá mi ti oko dé ní ọ̀sán, torí oko ló ń lọ láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bá mi níbẹ̀. Ó gbé agbọ̀n rẹ̀ kalẹ̀.

“Níbo lo ti rí ìyẹn?”

Mo ní, “Inú rẹ̀ ló wà.”

“Láti ìgbà wo?”

Mo fẹ́ sọ fún un nípa ẹ̀rù, nípa ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, nípa àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì ní ṣọ́ọ̀bù, gbogbo ohun tí mò ń sọ yìí. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, “Láti ọjọ́ tí a ti rà á.”

Ó ní, “Dìde.”

Ó jókòó. Erùpẹ̀ oko ṣì wà ní èékánná rẹ̀. Ó tẹ lẹ́tà ìjọba kan látòkè délẹ̀, bó ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó bí mi, pẹ̀lú ọjọ́, pẹ̀lú àdírẹ́sì, kò sí àṣìṣe kan nínú rẹ̀. Nígbà tó parí, ó yí ọrùn padà, ó ń wò mí títí mo fi kà á tán.

Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sí ògiri, ó pa iná rẹ̀, lẹ́tà náà sì lọ.

“Máa kọ́ ọ,” ó ní. “Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń retí rẹ.”