Ẹni Tí Kò Jẹun Ló Ṣàìsàn Jù

Rọra ni gbogbo ilé ìwòsàn ń pè é. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti ń ti bẹ́ẹ̀dì onítáyà ní ẹ̀ka pàjáwìrì, kò sì sí ìgbà tó ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá tí kì í ké pé, "Ẹ rọra o! Ẹ yà lọ́nà!" Bíríkìlà ni tẹ́lẹ̀, kó tó já bọ́ lórí àkàbà, tó sì búra pé iṣẹ́ ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lòun fẹ́.

Ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Bó bá ń ti aláìsàn lọ, á máa bi wọ́n léèrè: kí lẹ ń ṣe nígbà tó bẹ̀rẹ̀? Ta lẹ jọ jókòó?

Nọ́ọ̀sì àgbà, tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Rọra, ṣé iṣẹ́ dókítà lo fẹ́ gbà ni?"

"Rárá o, Ma. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, wọ́n á gbàgbé."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, wọ́n gbé ìyá àgbà kan dé, pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin àti ọmọ-ọmọ méjì. Orí ń fọ́ wọn, òòyì ń kọ́ wọn, wọ́n sì ń bì. Dókítà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí kò tíì pẹ́ níbẹ̀, ní oúnjẹ tó ti bàjẹ́ ni wọ́n jẹ. Ìdílé méjì ti wá bẹ́ẹ̀ lóṣù yẹn, oúnjẹ náà ni wọ́n kọ sílẹ̀.

Rọra ń ti ìyá àgbà lọ, torí tiẹ̀ ló le jù. "Ìyá, kí lẹ jẹ lánàá?"

"Mi ò fẹnu kan nǹkan kan, ọmọ mi. Eyín ń dùn mí. Mo kàn jókòó ti iná, mò ń yáná."

Rọra dúró gbọnin. Ó rántí pé ọjọ́ òjò ni àwọn ìdílé méjì yẹn náà dé. Ó wá dókítà lọ.

"Dókítà, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe tèmi ni mo fẹ́ sọ. Ìyá yẹn ò jẹun rárá. Báwo loúnjẹ ṣe rí i mú?"

Dókítà ò rẹ́rìn-ín. Ó yára lọ bá ọmọ ìyá àgbà. "Ibo lẹ ti ń dáná bí òjò bá ń rọ̀?"

"Inú yàrá ni. Èédú la ń lò. A ti fèrèsé pa kí òjò má bàa fẹ́ wọlé."

"Bàbá, ẹ ṣeun!" ni dókítà sọ fún Rọra. "Afẹ́fẹ́ èédú ni. Ojú ò rí i, imú ò gbóòórùn rẹ̀, ó sì ń pààyàn."

Kíá ni wọ́n fi ọ́síjìn sí wọn nímú. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ ti ń jà sí àga. Ti ìyá àgbà gba ọjọ́ méjì, àmọ́ bó ṣe dìde jókòó báyìí, àwàdà ló fi bẹ̀rẹ̀: "Eyín dídùn yìí ló gbà wá. Ká ní mo jẹun ni, ìkòkò ọbẹ̀ lẹ ò bá ṣì máa bá ṣẹjọ́!"

Dókítà fi ìbéèrè kan kún ìwé tí wọ́n ń kọ fún aláìsàn: ṣé èédú ń jó nínú ilé? Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, Rọra àti nọ́ọ̀sì àgbà, tó ti fẹ̀yìn tì báyìí, a máa lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n á kìlọ̀ fáwọn èèyàn kí wọ́n gbé iná èédú síta. Lọ́dún tó kọjá, ìdílé kan péré ló wá, wọ́n sì ti ń rìn lọ sílé kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì.

Ìyàwó Rọra nìkan ni inú rẹ̀ ò dùn tán. "Gbogbo fèrèsé lo ń ṣí sílẹ̀! Ṣé kí òtútù pa wá ni?"

"Òtútù láṣọ ìbora, ìyá ọmọ mi," ni Rọra wí, ó sì lọ ṣí èyí tó kù.